Nígbà Tí Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ń Jáde Ní Mímọ́

Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti ògiri yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, egungun mi kò sì fẹ́ràn àga oníke yín yìí mọ́. Láàárọ̀ yìí, Tèmítọ́pẹ́ ọmọ ọmọ mi gún mi níka. Ó ní ara mi ń gbóná, òótọ́ sì ni. Ó kán ẹ̀jẹ̀ mi sórí ike pẹlẹbẹ kan tí ó mú nínú báàgì rẹ̀, ó kán omi díẹ̀ lé e, ó wá tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ títí ilà pupa kan fi yọ. Ó ní, “Grandpa, na negative. You no get malaria.” Ó sọ ike náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó ń lọ. Mo pè é padà. Mo bi í pé, “Ta ló sọ fún ọ pé ike yìí ṣì wà láàyè?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilà kan tí mo rí yẹn ni ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

N kò bínú. Ọmọ tí wọ́n bí sí GRA, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní yunifásítì, tí ẹ̀rọ ń bá ka gbogbo nǹkan, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ohun àyẹ̀wò lè kú, kí ó sì tún máa sọ̀rọ̀ lọ? Àmọ́ mo ti rí i. Ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Bìní yìí, ohun àyẹ̀wò tí ó ti kú wà lórí tábìlì wa, a ń bi í léèrè lójoojúmọ́, ó ń dá wa lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ń dùn mọ́ wa nínú.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà tí iṣẹ́ gbé mi kúrò ní Ìkàrẹ́ wá síbí. Ilé àyẹ̀wò ìgbà náà jẹ́ ilé gbọọrọ kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, fèrèsé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ògiri lọ, torí oòrùn la fi ń ṣiṣẹ́. Awò tí a fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, dígí róbótó kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa yí dígí náà títí yóò fi mú ìmọ́lẹ̀. Bí òjò bá ṣú, iṣẹ́ dúró. Bí ọyẹ́ bá mú, gbogbo ohun tí o bá wò á rí bí ẹni pé wọ́n fi eérú wọ́n ọn. A máa ń jìjàdù ibi tí ó súnmọ́ fèrèsé bí àwọn obìnrin ṣe ń jìjàdù ojú ìsọ̀ ní ọjà Ẹ́kíọ́sà.

Bí mo bá pajú dé, mo ṣì ń gbọ́ ilé yẹn. Ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ kí omi rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀, ọwọ́ la fi ń yí i. Bí ó bá ti gbóná, á máa kùn bí oyin. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù, gíláàsì ni àgbá rẹ̀, a máa ń sè é nínú ìkòkò, á máa lu ara wọn nínú omi híhó. Ní ìdí agbada tí omi ẹ̀rọ ń kán sí, ìyá kan tí à ń pè ní Màmá Fọgíláàsì á máa fọ ìgò tínínrín tínínrín, á máa kọ orin ìjọ Àpọ́sítélì lábẹ́nu, ìgò á sì máa bá a dáhùn ṣín-ín, ṣín-ín. Òórùn ọtí líle àti ti kẹrosíìnì tí ó ń gbé fìríìjì wa ṣiṣẹ́ ló máa ń kí ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi, ìyá bàbá yín, kì í jẹ́ kí n wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí òórùn ilé ìwòsàn sùn tì wá.

Ẹ̀yin kò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá ní ọ̀pọ̀lọ́ la fi ń mọ̀ bóyá obìnrin lóyún. Akọ ọ̀pọ̀lọ́ ni. A ó fi abẹ́rẹ́ ta ìtọ̀ obìnrin náà sí i lábẹ́ awọ, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ a ó gba ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ náà, a ó gbé e sábẹ́ awò. Bí oyún bá wà, ara ọ̀pọ̀lọ́ ti dáhùn, àtọ̀ rẹ̀ á wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń gbé etí odò Ìkpọ̀bà ló máa ń bá wa mú wọn wá nínú garawa. Nígbà kan tí ọdún Ígùè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí orin ń bọ̀ láti apá ààfin, ẹnì kan gbàgbé láti gbé òkúta lé ìdérí garawa. Àgbà nọ́ọ̀sì wa ní àlejò pàtàkì lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ fò wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n pè, ìyàwó àlejò náà gun orí tábìlì. Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà tó dá wa lóhùn bí a bá kí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ ni pé a kò gba ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́ lásán. Bí a bá ti fi ìtọ̀ aláboyún tí a mọ̀ dán an wò tí ọ̀pọ̀lọ́ sì dákẹ́, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ náà ló ń ṣàìsàn, a ó dá a padà sódò. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn. Láràárọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kankan tó kan tábìlì, a ó kọ́kọ́ gbé ẹlẹ́rìí méjì jáde: ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a mọ̀ dájú pé àrùn náà wà lára rẹ̀, àti ti ẹni tí a mọ̀ pé kò sí. Bí ohun àyẹ̀wò bá mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà.

Màdáàmù Iyobosa ló fi èyí lélẹ̀. Òun ni olórí wa. Ọmọ Bìní pọ́nbélé ni, àmọ́ Ìbàdàn ló ti kàwé, ó sì ń sọ Yorùbá ju gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí lọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í pariwo. Ohun èlò kò fìgbà kan tó nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì le lórí èyí tí a ní. Dókítà ọ̀dọ́ á kọ àyẹ̀wò rẹpẹtẹ sórí ìwé kan ṣoṣo fún aláìsàn kan. Màdáàmù á mú ìwé náà, á rìn lọ sí wọ́ọ̀dù, á bá dókítà náà níbi tí ó dúró sí.

“Dókítà, bí mo bá sọ fún yín pé èyí ga, kí lẹ máa ṣe?”

“A ó máa bá oògùn rẹ̀ lọ ni.”

“Bí mo bá ní kò ga ńkọ́?”

“A ó máa bá oògùn rẹ̀ lọ.”

Á yọ bírò, á fagi lé e. Á ní, “Ẹlòmíràn wà tí ìdáhùn rẹ̀ máa yí nǹkan padà. Ẹ jẹ́ ká fi tọ́jú ẹni yẹn.” Àwọn kan bínú sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan bá tán ní àwọn ilé ìwòsàn mìíràn, tiwa á ṣì kù díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àrùn éèdì dé. Ẹ̀yin kò mọ bí ìlú ṣe rí nígbà tí kò tíì sí oògùn rẹ̀ káàkiri. Àwọn èèyàn ń rù, wọn kò sì jẹ́ dárúkọ ohun tí ń rù wọ́n. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ẹnì kan bá fi sílẹ̀ fún aláìsàn, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ ara ẹlòmíràn. A máa ń rí i níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń gbà lọ́sẹ̀, a ó rí ọ̀kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ní láti dà nù. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn síbi tábìlì yẹn.

Ọdún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n fi Màdáàmù ránṣẹ́ lọ síbi ẹ̀kọ́ kan lókè òkun. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan di ipò rẹ̀ mú, ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gba tiẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni páálí ohun àyẹ̀wò tuntun dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń rajà fún ilé ìwòsàn. Ó pọ̀. A kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí àyè fún un nínú fìríìjì, wọ́n kó o sí yàrá ìkẹ́rùsí tí ó wà lábẹ́ páànù, níbi tí ooru kì í jẹ́ kí o lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri rẹ̀ ní ọ̀sán. Iná sì lọ fún ọjọ́ pípẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ tán, àwọn ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́rìí wa yọ́ nínú fìríìjì, wọ́n bàjẹ́. Ẹnì kan béèrè ohun tí a ó fi rọ́pò wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ náà ní kí a má ṣe ìyọnu, pé ohun tuntun yìí ní ilà tirẹ̀ tí ó fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìdí awò ni wọ́n fi mí sí nígbà náà, iṣẹ́ ibà àti aràn inú, n kò sí ní tábìlì ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí kò ju ẹ̀rín lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí ohun tuntun ti dé, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde ní mímọ́. Ó ní bóyá àdúrà àwọn ìjọ ló ti gbà, tàbí ìwàásù orí rédíò. Mo bá a dúpẹ́. Nígbà tí mo padà sídìí awò mi, ara mi kò balẹ̀, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ sí wọ́ọ̀dù, kò sí ọ̀kan tí wọ́n dà nù. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá jẹ́jẹ́ wa. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí àrùn pọ̀ ni?”

Màdáàmù dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó kí wa, ó pín ṣokoléètì fún wa. Lẹ́yìn náà ó dúró níbi tábìlì ẹ̀jẹ̀, ó bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ti rí láti ìgbà tí òun ti lọ.

Ọmọbìnrin náà fi ayọ̀ dáhùn. “Kò sí rárá, Màdáàmù.”

“Rárá?”

“Ọ̀kan ṣoṣo kò sí.”

Ó jókòó. Mo ń wò ó láti ìdí fèrèsé. A ń gbọ́ omi agbada tí ó ń kán. Ó dìde, ó ti fìríìjì ẹ̀jẹ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde níbí títí n ó fi mọ ohun tí à ń bá sọ̀rọ̀.”

A nílò ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a mọ̀ pé ó ní àrùn náà. Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń wá sí kíńníkì, aránṣọ ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti sá. Màdáàmù lọ bá a níbi tí ó jókòó sí lórí bẹ́ńṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé kò pọn dandan, pé ó lè kọ̀. Ọkùnrin náà ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè kí ó tó parí.

“Ẹ gbà á,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi.”

Àwọn ohun àyẹ̀wò ti àtijọ́ ṣì kù díẹ̀ nínú fìríìjì oníkẹrosíìnì ti Màdáàmù fúnra rẹ̀, èyí tí ó fi pamọ́ kí ó tó rìnrìn-àjò. Ó mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú tuntun, ó kán ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà sí méjèèjì. A yí i ká. Ti àtijọ́ dáhùn kíá pé àrùn náà wà níbẹ̀. Tuntun yọ ilà rẹ̀ kan ṣoṣo, pupa fòò, ó ní ẹ̀jẹ̀ náà mọ́. Màdáàmù tún un ṣe pẹ̀lú òmíràn láti inú páálí mìíràn. Ó mọ́. Ó tún mú òmíràn. Ó mọ́. Ọmọbìnrin tí ó sọ ti àdúrà fún mi jáde síta, mo gbọ́ tí ó ń bì lẹ́yìn ilé.

Ní àárín èyí ni Dókítà Ọláìyá gbá ilẹ̀kùn wọlé, aṣọ iṣẹ́ abẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Orúkọ obìnrin náà ni Rónkẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta abọ́ onítánganran àti garawa l’Ẹ́kíọ́sà, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, mo rí ọkọ rẹ̀ tí ó dúró lábẹ́ igi, ó di bàtà ìyàwó rẹ̀ méjèèjì mú.

“Mo gbọ́ pé ẹ ti fìríìjì pa,” Dókítà Ọláìyá ní. “Ẹ ṣí i. Ẹ fún mi ní méjì, kíá.”

“Mi ò lè fún yín,” Màdáàmù ní. “Gbogbo èyí tó wà nínú rẹ̀, irọ́ ni wọ́n fi kéde pé ó mọ́.”

“Gbogbo rẹ̀ ni àrùn wà nínú rẹ̀ ni?”

“Mi ò mọ̀. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn, mi ò mọ̀.”

“Èmi mọ̀ pé obìnrin yìí máa kú. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀mí rẹ̀ là lónìí. Bí nǹkan mìíràn bá dé lọ́la, a ó kojú rẹ̀ lọ́la.”

“Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yẹn, ọmú ta ló máa mu lọ́la?”

Òógùn ń kán ní àgbọ̀n Dókítà Ọláìyá. Èèyàn rere ni, ohun tí ó sọ kò sì burú. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá jókòó tí à ń yẹ gbogbo àpò wò, obìnrin náà yóò kú. Ohun àyẹ̀wò ti àtijọ́ tí ó kù kò sì tó fún ìdajì wọn. Màdáàmù bi í bí ó ṣe lè pẹ́ tó tí ó lè fi omi iyọ̀ gbé obìnrin náà dúró. Ó ní fún ìgbà díẹ̀, kò sì lè ṣèlérí. Màdáàmù ní kí ó lọ ṣe é. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ àwọn tí ó bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Àwọn yẹn nìkan la máa ná ohun àyẹ̀wò tó kù yìí lé lórí. Ẹ fún mi ní mẹ́ta.”

Mo yọ wọ́n. Màdáàmù kán ẹ̀jẹ̀ àwọn àpò náà, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, a sì ń dúró. Ohùn ẹsẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré kọjá níta. Màmá Fọgíláàsì kò fọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ó kàn kúnlẹ̀ sí ìdí agbada. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kí àkókò tó pé. Ó dáhùn ketekete. Àrùn wà níbẹ̀. Àpò náà wà níwájú wa, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sọ pé ó mọ́, orúkọ ilé ìwòsàn wa wà lórí ìwé náà. Ká ní ọjọ́ kejì ni Màdáàmù dé, àpò yẹn gan-an ni wọn ì bá fi sí Rónkẹ́ lára, torí òun ló wà níwájú nínú fìríìjì.

Àwọn méjì yòókù mọ́. Ọ̀kan nínú wa gbé wọn sáré lọ. Rónkẹ́ yè é. Ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n sọ fún ọkọ rẹ̀, ó gbé bàtà náà kalẹ̀, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni tí ó fẹ́ wọlé, ó wá jókòó sílẹ̀. Kò mọ̀ títí dòní ohun tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Bí a bá pàdé lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ilé ìwòsàn wa ṣe dáadáa.

Nígbà náà ni wàhálà gan-an wá bẹ̀rẹ̀, torí àwọn àpò tí wọ́n ti gbé jáde kí Màdáàmù tó dé kò lè padà. Gbogbo àpò tí ó bá jáde la máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, a sì tọ́jú wọn sínú fìríìjì. Nígbà tí ohun àyẹ̀wò gidi dé, Màdáàmù yẹ gbogbo wọn wò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe é. Àwọn tó pọ̀ jù mọ́. Méjì kò mọ́. Èkínní, ọkùnrin arúgbó kan ló gbà á, àìsàn tí ó gbé e wá ti pa á kí ó tó jáde ní wọ́ọ̀dù. Èkejì, ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Isoken ló gbà á, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n ti ní kí ó máa lọ sílé, ara rẹ̀ ti yá. Àwọn nọ́ọ̀sì rántí rẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó fẹ́ràn láti máa di irun àwọn aláìsàn yòókù ni.

Èmi àti Màdáàmù lọ wá a. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrí ní ọjà Óliha, ohun tí a gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹlòmíràn ló wà ní ojú ìsọ̀ náà. Wọ́n ní ìyá náà ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Wárí. Òmíràn ní kì í ṣe Wárí. Nípa ọmọ náà, ohùn wọn rẹlẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ó gbòde nígbà náà ní ìlú yìí, tí àwọn kan ń wá kó ọmọbìnrin lọ sí Ítálì, tí wọ́n ń ṣèlérí iṣẹ́ fún wọn. Obìnrin kan sọ fún Màdáàmù ní èdè Ẹ̀dó pé Isoken ti wà lójú ọ̀nà, pé ó ti wọ aṣálẹ̀. Màdáàmù túmọ̀ rẹ̀ fún mi nínú mọ́tò.

Ilé ìwòsàn gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Wọ́n gbé ọ̀gá jẹ́jẹ́ náà lọ síbòmíràn, wọ́n sun àwọn páálí náà, èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì bo gbogbo àgbàlá. Màdáàmù kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ní gbogbo ọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dé Óliha.” A ó lọ béèrè. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ó ṣì ń lọ, ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí ó kú, èmi nìkan ló kù tí ó mọ ohun tí a ń wá.

Ẹ̀rọ ti dé nísinsìnyí, n kò ní parọ́, wọ́n dára. Ohun tí a fi odindi àárọ̀ ṣe, ẹ̀rọ ń ṣe é kí o tó mu omi tán. Àmọ́ ilé àyẹ̀wò ti wà ní gbogbo ìkòríta, ẹlòmíràn kò ju tábìlì kan àti fìríìjì kékeré lọ. Mo rí ike pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn l’Ẹ́kíọ́sà, wọ́n tò wọ́n sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ. Mo bi Tèmítọ́pẹ́ bóyá wọ́n ṣì ń gbé ẹlẹ́rìí jáde láràárọ̀ níbi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́. Ó ní, “Dem teach us.” Mo ní mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wọn, mo ní ṣé wọ́n ń ṣe é. Ó wo ilẹ̀. Ó ní bí ohun èlò bá wà ni, pé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ aláìsàn máa ń pọ̀ jù.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bàbá yín gbé mi lọ sí Óliha lọ ra iṣu. Mo ní kí ó dúró dè mí nínú mọ́tò. Obìnrin àgbàlagbà kan wà ní ojú ìsọ̀ gààrí náà, n kò rí i rí. Mo kí i pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Ẹ̀dó tí mo gbọ́, mo béèrè ìbéèrè tí mo máa ń béèrè. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló bí Isoken. Ó ní Isoken wà lókè òkun, ó ti lọ́kọ, ó ń ṣe dáadáa. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ fóònù, ó fi àwòrán hàn mí. Obìnrin sísanra díẹ̀, aṣọ òtútù wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé ọmọ kan dání, òmíràn dúró níwájú rẹ̀ tí ó ti yọ eyín. Mo tẹjú mọ́ wọn. Mo ń wá nǹkan kan lójú àwọn ọmọ náà tí ojú lásán kò lè rí.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un pé kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Òun àti àwọn ọmọ. Ẹ ní ilé ìwòsàn tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Pijin ló fi dá mi lóhùn. “Which hospital? Since that time? Wetin dey the pikin blood?”

N kò lè dárúkọ rẹ̀ fún un láàárín ọjà, níwájú gbogbo àwọn tí ń ra gààrí. Ọ̀rọ̀ Isoken ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi láti tú síta. Mo tún bẹ̀ ẹ́, mo ní kí ó ṣáà jíṣẹ́ náà, tàbí kí ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí n bá a sọ ọ́ fúnra mi. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni wọ́n rán sí ọmọ wọn, pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti ń dára fún ọmọ ènìyàn ni arúgbó tí kò mọ̀ rí á yọjú. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó dì í padà sí ìdí ìró rẹ̀, ó so ó le. Lẹ́yìn náà ó mú ife ìwọ̀n gààrí rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ti ẹni tí ó kàn.